Imú Adití

Ọjọ́ Ajé ni Fẹ́yíṣọlá gbé ọ̀fìnkìn bọ̀ láti iléèwé,
ó sín lẹ́ẹ̀mẹta lórí àwo ìrẹsì mi.
Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ó ti ń fo okùn lójúde;
èmi bàbá rẹ̀ àgbà ni mo jókòó tí mò ń fi ẹnu mí.

Ọ̀fìnkìn tó ṣe àlejò lára ọmọ,
onílé ló dà lọ́dọ̀ mi.
Yàrá tó ti há láti ọdún mọ́kànlá
ló tún kó ẹrù tirẹ̀ sí.
Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti wá bàtà,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi á wúwo bí àpò kòkó tutù.

Dókítà obìnrin ní Wẹ́sílì tanná wo imú mi:
“Bàbá, kòkòrò kan náà ni.
Ilé tó bá lára yín ló ti wú tẹ́lẹ̀.”
Ó fún mi lómi iyọ̀. Ó ń ta bí ata.

A kì í rí òórùn, gbígbọ́ là ń gbọ́ ọ.
Imú tèmi ló dití.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi yẹ kòkó wò ní Ìsọ̀kùn,
n kì í mú ọ̀bẹ, mo kàn ń bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu àpò.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ní ti Ọlágbẹ̀gí gbẹ;
méjì ti bu nísàlẹ̀.
Kò bá mi jà. Ó rẹ́rìn-ín.

Fẹ́yíṣọlá tún ti ń fa imú láti àná.
Mo ní kó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán.
Ẹkún dé.
Mo pè é padà, mo yíjú sógiri,
mo jẹ́ kó sùn mọ́ mi lẹ́yìn.