Orúkọ Méjì Lórí Ìwé Kan

Ní Kúbwá, lẹ́yìn òjò àárọ̀ Sátidé,
mo ki káàdì bọ ẹnu ẹ̀rọ báǹkì.
Ẹ̀rọ bì í padà bí ọmọ ọwọ́ tó kọ ògì.
Mo nù ún lára ìró, mo tún kì í bọ̀ ọ́.
Ó tún bì í.
Ọkùnrin tó tò sẹ́yìn mi ní, "Hajiya, sai hakuri,"
èmi tí n kò dé Mẹ́kà rí.

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó náírà, ó dín díẹ̀:
owó ẹ̀rọ ìránṣọ oníná tí mo ti ń fojú sí láti ìgbà ọyẹ́.
Ṣòkòtò ilé-ìwé wà níbẹ̀, yẹ̀rì wà níbẹ̀,
bọ́tìnnì tí mo gán fún ọgọ́rùn-ún náírà wà níbẹ̀.

Obìnrin inú báǹkì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀:
"Kóòtù ló ní ká tì í. Owó ìtọ́jú ọmọ."
Mo ní, "Ọmọ wo?"
bí ẹni pé n kò mọ Mofíyìn,
àwòrán kan ṣoṣo nínú fóònù ọkọ mi,
eyín iwájú méjì tó ti ká,
ọmọ Ládì, ní Kàkúrí, ní Kàdúná.

Nígbà tí a ṣí akáǹtì yìí, a fẹ́ra wa,
a ní kí owó wa náà fẹ́ra.
Pásítọ̀ ti ní tọkọtaya di ara kan.
Kò sọ fún wa pé
ara kan náà ni gbèsè yóò máa bù jẹ.

Mo bú Ládì láti ẹnu báǹkì dé Byazhin.
Oníkẹ̀kẹ́ gan-an bá mi bú u, kò mọ̀ ọ́n.

Ọlọ́runtọ́ba fa ìwé yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò wojú mi.
Oṣù mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọ́n kọ wọ́n sílẹ̀ léraléra.
Oṣù Kọkànlá: kò san.
Oṣù yẹn la gbé fíríìjì wọlé.
Oṣù Kejìlá: kò san.
Mo wọ bàtà fàdákà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo ayé ní mo rẹwà.
Oṣù Kẹrin, mo wà ní ọsibítù Gwágwàládà,
ó kówó kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà,
mo ní ọkọ bí ọkọ mi ò sí.
N kò ka ìyókù.
Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ.
Àwa la gbé pẹpẹ sókè.

Ó ní, "A ó sọ fún kóòtù pé tìẹ ni gbogbo owó náà."
Òótọ́ ni. Tèmi ni.
Òótọ́ ọ̀hún sì korò lẹ́nu mi bí ewúro tí a kò fọ̀.

Nọ́ńbà Ládì wà nísàlẹ̀ ìwé. Mo tẹ̀ ẹ́.
Ohùn kékeré kan ní, "Wa ke magana?"
Ta ni mo jẹ́? Téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn mi.
Mo bi í bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn tó.
Ó ní òun ò mọ̀, pé bàtà òun ti lanu.
Ó ní kí n dúró.
Mo sì ń gbọ́ ọ tó ń tú báàgì,
tó ń wá rúlà.