Pátákó Dúdú Létí Ọ̀nà Parakú

Òdúntán, lọ́jọ́ tí o wá pé kí n kọ́ ọ ní ìwé ìpolówó ọjà,
mo ní kí o jókòó sórí àpò kajú.
Mo ní, má jókòó sórí ìkejì, ó ti jò.
O jókòó. O ò sọ nǹkan kan. Mo wá bẹ̀rẹ̀.

Ọdún tí mo ṣí ìsọ̀, mo ra pátákó dúdú lọ́wọ́ tíṣà kan
tí ilé ìwé rẹ̀ ti gba tuntun.
Mo fi ẹfun kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà:
"Ilé iṣẹ́ wa ń fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kéde fún ẹ̀yin oníbàárà wa iyebíye
pé a ti ṣetán láti fi ojúlówó ọjà sìn yín."
Ilé iṣẹ́ wo? Èmi nìkan ni, àti ìwọ̀n, àti àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.
Ara ògiri kan ní Kútọnu ni mo ti rí ọ̀rọ̀ náà,
mo kó o wálé bí ẹni yá aṣọ olówó wọ̀:
ó gùn jù lápá, ó fún mi lọ́rùn.

Àwọn ọlọ́kọ̀ ń kọjá. Eruku wọn nìkan ló ń dúró kí mi.

Ìyá mi àgbà, Klotíìdì, kò mọ̀wé.
Ó ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á.
Ó dákẹ́, ó ṣí ìborùn kúrò létí,
ó ní, "Ta ló kú?"

Mo bínú. Mo bínú títí ilẹ̀ fi ṣú sórí àwọn òkè Ṣábẹ̀ẹ́
tó dùbúlẹ̀ bí ẹran tó yó.
O mọ̀ wọ́n: bí o bá kígbe sí wọn,
igbe rẹ náà ni wọ́n ń dá padà,
wọn kì í bá ọ tún un ṣe.

Òjò rọ̀ lóru yẹn. Ó wọ inú àpò mẹ́rin.
Nígbà tó di àárọ̀, inú mi bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀
tí n kò rántí pé ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá.
Mo nu pátákó, mo kọ ọ́:
"Òjò lu kajú mi lánàá. N ò ní tà á fún yín.
Ẹ padà wá lọ́jọ́bọ̀. Mo ti sunkún tán."

Onítírélà kan dúró. Ó rẹ́rìn-ín, kò ra nǹkan kan, ó lọ.
Lọ́jọ́bọ̀ ó padà dé, ó ra àpò mẹ́tàdínlógún.
Mọ́kàndínlógún ló fẹ́. Mo ní méjì nínú wọn kò dá mi lójú.

Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn. Kò pọ̀.
Kọ iye tí o ń tà á. Kọ èyí tí kò dára.
Ọ̀rọ̀ tí kò lè jáde lẹ́nu rẹ
nígbà tí ìwọ àti onísẹ́míjàn bá ń jà,
má kọ ọ́ síta.
Bí ẹnikẹ́ni ò bá kà á lóṣù kan, ṣáà máa nù ún, kí o tún máa kọ ọ́;
ọwọ́ ló ń kọ́kọ́ gbọ́n kí ẹnu tó gbọ́.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà, Òdúntán!
Ọ̀sẹ̀ kejì, mo ń kọjá níwájú ìsọ̀ rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin,
mo bá a lára ìlẹ̀kùn:
"Òjò lu ìṣó mi lánàá. Mo ti sunkún tán."
Ìṣó! Ẹni tó ń ta ìṣó àti páànù!
Mo ní, ẹkún ta lò ń sun?
O ní, "Ó dógùn-ún lóòótọ́, Àǹtí."
Ó dógùn-ún lóòótọ́. Mo rí i. Síbẹ̀, ẹkún tèmi ni.
Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́, o kì í sunkún;
ọmọ tí wọ́n bá bi ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá, ẹyọ kan ló fi ń dáhùn.

O nù ún. Ìlẹ̀kùn wà lófìfo fún ìgbà díẹ̀.
Lánàá mo tún gba ibẹ̀ kọjá. O ti kọ ọ́:

"Ìṣó wà.
Ó tọ́."

Kí nìyẹn? Kò tilẹ̀ kí èèyàn.
Kò dùn mọ́ mi nínú, n ò ní purọ́ fún ọ.
Káfíńtà mẹ́rin ló dúró níwájú rẹ,
wọn ò sọ̀rọ̀, ìwọ náà ò sọ̀rọ̀,
ẹ ń ka ìṣó.