Ìṣó Idẹ

Yìnyín lẹ̀ mọ́ fèrèsé ní Oulu.
Mo tẹ bọ́tìnì:
fáànù yí lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́,
bí ẹni tó fẹ́ sín tí kò sín mọ́.

Mo yọ mẹ́mọ́rì, mo nù ún, mo dá a padà.
Mo bẹ̀ ẹ́. Mo bú u.
Owó oṣù mẹ́ta di àpótí dúdú.

Aune sọ̀kalẹ̀ látòkè,
àgbà tó ń tún máṣíìnì ìránṣọ ṣe,
ó dẹtí sí i:
"Tauno, kò kú.
Ìdí ẹ̀fọ́ ni kòkòrò wà."

A tú pátákó rẹ̀ sókè:
ìṣó idẹ kan dúró síbi tí kò níṣẹ́,
ó ń gún un nídìí.

Fáànù yí. Ó ń yí síbẹ̀.
Aune ju ìṣó sápò:
"Owó iṣẹ́ mi nìyí."