Níbí Kì Í Ṣe Àdírẹ́sì

Aago méjì ààbọ̀ òru. Òkè-Báálẹ̀ ti sùn,
àfi èmi àti fáànù tí ń mi orí
bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.
Sáfà ọsibítù wà ní Asúbíaró,
nínú yàrá tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì tó ti ṣẹ́ sí tẹ́lẹ̀.
Láti àárọ̀ ló ti ń mí hẹlẹ:
káàdì aláìsàn kan, ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó ṣí.
Àwọn nọ́ọ̀sì ti padà sí bírò àti ìwé.

Mo fẹ́ wo inú rẹ̀ láì dé ibẹ̀.
Àwọn tó kọ Jáfà ti ṣe ojú wẹ́wẹ́ sí i lára,
ojú tí ń ka ìrántí, ojú tí ń ka okùn iṣẹ́.
Ẹ̀wà ni wọ́n ń pè wọ́n, mi ò mọ ìdí;
kòkòrò ò wọ́n nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣeé sè.

Mo kan ilẹ̀kùn ẹ̀ẹ́dẹ́gbàárùn-ún lé mẹ́wàá.
Ó ṣí. Wọ́n na ìwé pélébé kan sí mi:
iwájú ni ẹni tí ò ń wá, àdírẹ́sì rẹ̀ rèé.
Mo tú u wò.
"Níbí," ni wọ́n kọ.
Mẹ́tàdínláàádóje, òdo, òdo, oókan,
orúkọ tí gbogbo ẹ̀rọ ayé ń pe ara rẹ̀
nígbà tó bá ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá.
Oníbàárà mi, tí kì í jiyàn, yíjú padà,
ó ń wá sáfà Asúbíaró lábẹ́ tábìlì mi,
láàárín bàtà àti agolo mílíìkì.
"Wọ́n kọ̀ mí," ló wí. Ìgbà mẹ́tàdínlógún.

Súnmọ́nù, tó bí màmá mi,
ti Kùmásí kọ lẹ́tà kan ṣoṣo:
*Ẹ má mikàn. Mo ti rílé gbà.
Kí Ràfátù máa bọ̀ wá bá mi níbí.*
Ìyá àgbà di ẹrù. Ó dé ibùdó rélùwéè,
ó ní kí akọ̀wé bá òun wo ibi tí "níbí" wà.
Akọ̀wé yí ìwé náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì,
ó ní, "Ìyá, ibi tí ẹ dúró sí yìí ni mo rí."

Mo pe Akíngbọ́ládé tó ń ṣọ́ yàrá náà lóru,
mo kà á sí i létí, lẹ́tà kan tẹ̀lé ìkejì:
Kọ orúkọ ìta rẹ̀ sí i, èyí tí ará ọ̀nà fi ń pè é.
Ilẹ̀kùn kejì, tí ń ṣípò ní gbogbo ìgbà tó bá jí,
kàn án mọ́ ojú kan, nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú ti àkọ́kọ́,
kí ọlọ́dẹ ògiri lè dá a mọ̀.
"Dọ́ọ̀tì ni àbí dáàṣì?"
Dọ́ọ̀tì.
"Mo ti kọ dáàṣì."
Pa á rẹ́, Akíngbọ́ládé. Pa á kú, kó o tún un tàn.

Aago mẹ́rin ku díẹ̀, wọ́n gba páswọ́ọ̀dù mi.
Gbogbo ẹ̀wà náà tú sílẹ̀ lójú mi.
Ṣùgbọ́n ẹni tó kú tó jí, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ dá:
ìrántí ò ju ìdá mẹ́wàá lọ, kò sí ẹ̀sùn kankan.
Mo jókòó tì í. Wọ́n pe ìrun àsùbáà.
Ìdá ogójì. Ìdá àádọ́rin.
Ìgbà tí oòrùn kan fèrèsé ni mo rí wọn,
okùn méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan di kọ́kọ́rọ́ ìkejì mú,
wọ́n ń wo ara wọn, gbogbo ọsibítù tò sẹ́yìn wọn.

Mo bomi sójú, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Asúbíaró.
Nọ́ọ̀sì tí mo kọ́kọ́ pàdé ní, ibo ni mo wà láti àná.
Mo lanu.
Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé níbí.