Ẹni Tó Kẹ̀yìn sí Wa

Ọ̀dà tó ṣẹ́ kù lára àkọlé ọkọ̀ ni Bàbá Akínrìnmádé fi yà á,
sára pátákó tí wọ́n gé lára àmì ilé-ìwé kan n'Íjàpó.
Bí o bá yí i padà, wàá rí "Ẹ káà" lẹ́yìn rẹ̀;
ayùn ti gé "bọ̀" lọ.
Obìnrin kan. Agbọ̀n lórí, ewé kókò lójú agbọ̀n.
Ó ń gba orí pákó kan ṣoṣo kọjá Odò Àlà,
ó kẹ̀yìn sí wa.

Ọjọ́ kẹrin rèé tí mo ń wá sí Òkè Àró
pẹ̀lú ìwé àjákọ àti bírò tó ń yọ́ sí mi lápò.
Ọlámijù, ọmọ olóògbé, á gbé àpótí fún mi,
á padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ojú ni mo kọ́kọ́ kọ.
Mo kọ ẹyinjú, mo kọ ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́,
mo da omijé sí i, omijé kì í sáà wọ́n akéwì.
Mo kà á sókè. Ẹ̀rọ dákẹ́.
"Tíṣà, níbo lẹ ti rí ojú tẹ́ ẹ ń ròyìn?
Bàbá mi tó yà á, kò rí i."

Mo fa ìlà gbọọrọ pa á.

Ó wá kan àwọ̀.
Agolo ọ̀dà méje ṣì wà lábẹ́ tábìlì, ìdérí ti lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́nu.
Èmi ńkọ́? Igbá mẹ́ta péré ni ìyá mi gbé lé mi lọ́wọ́:
funfun, dúdú, pupa.
Kí ni kí n pe ìró obìnrin yìí,
tí kì í ṣe pupa epo, tí kì í ṣe pupa ọsàn,
tó dà bí ìyeyè tó ti sùn nílẹ̀ mọ́jú?
Mo jókòó tì í títí ọjọ́ fi rọ̀.
Àfi bí mo ṣe rántí pé ìyá mi kì í sọ àwọ̀ kó pa ẹnu dé.
Aṣọ kì í kàn funfun lẹ́nu rẹ̀, báláú ni;
iná á pọ́n yòò, ata á pọ́n dẹ̀dẹ̀.
Igbá mẹ́ta ni lóòótọ́,
kò sí èyí tó nísàlẹ̀ níbẹ̀.

Mo kọ ọ́: ìró pọ́n rúsúrúsú níbi tí omi ta bá a,
gìgísẹ̀ dúdú mìnìmìnì lórí pákó,
odò ń ṣàn gẹ̀rẹ̀, ó ń ṣàn gẹ̀rẹ̀,
kò sì kúrò lójú kan.

Ó ku agbọ̀n. Mo bi í léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.
Ọlámijù fi eyín já òwú.
"Aṣọ rẹ̀ ni. Tèmi kò sí níbẹ̀.
Mo ń sùn lọ́jọ́ náà.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Bàbá bá létí odò."

N kò kọ ìyẹn. Ewé kókò ni mo kọ,
bó ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ, bó ṣe bo gbogbo rẹ̀.

Mo ka èyí tó kù fún un, kò ju ojú ìwé kan lọ.
Kò ní ó dára, kò ní kò dára.
Ó gba bébà náà, ó ká a lẹ́ẹ̀mejì,
ó sọ pátákó kalẹ̀ lórí ìṣó,
ó fi í há ẹ̀yìn rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Ẹ káà".
"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀," ló wí.
"Apá ibẹ̀ ló kọjú sí."