Ajá Olórúkọ Méjì

Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.
Fèrè wo?
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù,
tí omi ń kán wọ̀ mí lápá,
nígbà tí Ẹ̀yìnlàárò já okùn,
tó ń wá mi kiri Tákìé.

Àwọn tó ń ṣa ajá aláìnílé jọ lọ́nà Ìlọrin
bọ́ ọ, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́.
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún pé,
wọ́n fi í tọrẹ.

Mo dúró lẹ́yìn géètì kan ní Apákẹ̀.
Ìyá Ọládoyin mú ìwé jáde:
òǹtẹ̀ wà níbẹ̀, ọjọ́ wà níbẹ̀,
orúkọ náà wà níbẹ̀. Bíńgò.
Mo ní, "Ẹ wo etí òsì, òkété ló gé e jẹ."
Ó ní, "Mo mọ etí náà. Èmi ni mo ṣa eégbọn inú rẹ̀."
Kí ni kí n fi fèsì eégbọn?

Mo pè é: Ẹ̀yìnlàárò!
Ó sáré wá,
ó fi imú kan apá mi, níbi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé.
Ọmọdé kan ké láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: Bíńgò!
Ó yíjú. Ó lọ.
Ó tún padà dé ìdajì ọ̀nà, ó jókòó,
ahọ́n síta, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìyá Ọládoyin ká ìwé rẹ̀ ní mẹ́rin.
"Ẹ wọlé, bàbá. Oòrùn yìí mú."

Okùn tuntun tí mo rà ní Sábó
ṣì wà lápò mi.
Mi ò tíì fà á yọ.