Rò Ó

Mo ń rò ó.
Orógùn wà lọ́wọ́ mi, èéfín wà lójú,
àárọ̀ Sátidé, ẹ̀yìnkùlé wa ní Ọ̀dọ̀jọmu,
Ondo ò tíì jí tán.
Ìyá mi ń da omi sórí eérú èèpo kòkó,
ajere ń sunkún rẹ̀ sínú ike, tó, tó, tó,
mo sì ń rò ó pé:
bí wọ́n bá gbé tẹlifíṣọ̀n wá bá ọṣẹ ńkọ́?

Kì í ṣe ìdíje orin,
kì í ṣe ti àwọn tí wọ́n tì mọ́lé
tí wọ́n ń sùn, tí wọ́n ń jà, tí à ń dìbò fún.
Ìdíje ọlọ́ṣẹ.
Ìkòkò méje nínú gbọ̀ngàn kan l'Ákùrẹ́, ní Alágbàká,
mílíọ̀nù márùn-ún náírà nínú àpótí dígí,
àti atọ́kùn kan tí bàtà rẹ̀ ò mọ eérú rí
tó ń pariwo: "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá!"

Mo rí wọn kedere.
Bọ́sẹ̀dé ará Ìkàrẹ́ gún efinrin sínú tirẹ̀,
ó gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bíi kéèkì, ó so ó ní rìbọ́ọ̀nù.
Tíṣà kan láti Ilẹ̀-Olújì
ń wọn ìgbóná omi eérú bí ẹni ń wọn ibà ọmọ.
Ọkùnrin Ìdànrè yẹn, alaalẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ sínú ìkòkò;
kámẹ́rà tẹ̀ lé e, wọ́n ní ọfọ̀ ni.
Gbèsè rẹ̀ ló ń kà.
Lọ́sẹ̀ kìíní, wọ́n lé ẹnì kan tí ọṣẹ rẹ̀ kọ̀ tí kò hó.
Ó sunkún. Kámẹ́rà sún mọ́ omijé
ju bó ṣe sún mọ́ ọṣẹ lọ.
Bẹ́ẹ̀ omijé kì í hó.

Wọ́n wá pe ìyá mi, Morádéùn.
Ó fi orí ahọ́n tọ́ omi eérú wò, ó tutọ́,
ó ní àdín ò tíì gbà fún un.
"Màmá, ó ku ìṣẹ́jú méjì!"
Ó ní, "Aago tìrẹ nìyẹn.
Aago ò mọ ọṣẹ í sè."
Ó jókòó. Ó na ẹsẹ̀.

Ìgbà náà ni iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.
Òkùnkùn biribiri, àfi ẹyin iná nídìí ìkòkò.
Àwọn adájọ́ fọwọ́ táràrà kiri,
wọ́n ń fọ ọwọ́, wọn ò rí rìbọ́ọ̀nù,
wọn ò mọ ọṣẹ ta ni wọ́n dì mú.
Èyí tí èékánná rẹ̀ gùn jù nínú wọn
dákẹ́ fúngbà díẹ̀, ó ní,
"Ta ló gbé Sátidé tí mò ń fọ aṣọ iléèwé wá síbí?"

Iná dé. Olùdarí ní kí wọ́n tún un ṣe,
kámẹ́rà ò rí nǹkan kan.
Wọ́n wá ọṣẹ ìyá mi títí.
Ó ti bu ún fún ọlọ́dẹ ẹnu géètì,
ìyàwó rẹ̀ bímọ níjẹta.
Ọṣẹ tó ti wẹ ọmọ tuntun,
ta ni yóò pè é padà wá sójú àwòrán?
Mílíọ̀nù márùn-ún ń wò wá láti inú dígí...

"Ìwọ! Kí lò ń rò?"
"Ọṣẹ ni, Màámi."
"Irọ́. Ọwọ́ ẹ ti dúró látàárọ̀.
Ó ń jó nísàlẹ̀, o ò gbóòórùn ẹ̀?
Rò ó!"

Mo rò ó.